Ta ló ni àga tíátà tí ará ìlú dáwó tún ṣe? Ẹ̀kọ́ láti Johannesburg

Bí ẹ bá wọ tíátà àtijọ́ kan ní London tàbí New York, ẹ wo ẹ̀yìn àga tó wà níwájú yín dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí idẹ pẹlẹbẹ kékeré kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ èèyàn sí. Ẹni náà lè ti kú tipẹ́. Ó lè jẹ́ ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ àgbà san owó náà lórúkọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì.

Ìtumọ̀ orúkọ yẹn kò le. Nígbà tí àga náà gbó, tí aṣọ rẹ̀ ya, tí irin rẹ̀ dípẹtà, ẹnìkan ló yọ owó lápò kí wọ́n lè tún un ṣe.

Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ tíátà kékeré ń gbà rí owó tún ìjókòó wọn ṣe láìdúró de ìjọba. Wọ́n á pín iṣẹ́ náà sí àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì wá onígbọ̀wọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ètò yìí tó yẹ ká dáhùn kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú: bó bá jẹ́ owó mi ni wọ́n fi tún àga ṣe, ṣé tèmi ni?

Ìlú kan wà nílẹ̀ Áfíríkà tí òfin ìjọba ti fìgbà kan rí sọ irú àga tí èèyàn lè jókòó sí àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Ìlú náà ni Johannesburg. Tíátà kan tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ká rí ohun tí owó ará ìlú lè rà, àti ohun tí kò yẹ kó rà.

Ọjà èso tó di tíátà

Ní àdúgbò Newtown, láàárín Johannesburg, ọjà èso kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1913. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n kó ọjà náà kúrò níbẹ̀, ilé ńlá náà sì ṣófo.

Ní ọdún 1974, Barney Simon tó jẹ́ olùdarí eré àti Mannie Manim tó mọ iṣẹ́ ìṣàkóso tíátà kó àwọn òṣèré jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní The Company. Wọ́n ń wá ilé. Wọ́n bá ìjọba ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n sì gba ọjà tó ṣófo náà.

Ẹ rántí pé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà apartheid ló wà lórí àlééfà ní South Africa nígbà yẹn. Láti ọdún 1953 ni òfin kan ti wà tó ya ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú. Òfin yìí kan bẹ́ǹṣì inú ọgbà, ọkọ̀ èrò, etíkun àti ilé ìwòran. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára bẹ́ǹṣì pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè jókòó síbẹ̀. Àwọn tíátà ńlá tí ìjọba ń ná owó sí, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́ wọn fún.

Simon àti Manim fẹ́ tíátà tí dúdú àti funfun yóò ti jọ ṣeré, tí wọn yóò sì ti jọ wòran. Kò bọ́gbọ́n mu kí wọ́n lọ tọrọ owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba tó ṣe òfin yẹn. Ọwọ́ àwọn ènìyàn àti iléeṣẹ́ tó fẹ́ràn èrò náà ni wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi sọ ọjà di tíátà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1976, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Soweto láti tako bí ìjọba ṣe fẹ́ fi èdè Afrikaans kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ní túláàsì. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn, ọ̀pọ̀ ọmọdé sì kú. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, Market Theatre ṣílẹ̀kùn. The Seagull tí Anton Chekhov ọmọ Rọ́ṣíà kọ ni eré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nínú tíátà yìí, òṣìṣẹ́ láti Soweto àti ọ̀gá iléeṣẹ́ láti àdúgbò àwọn olówó lè jókòó sórí ìlà kan náà, kí èjìká wọn sì kanra. Ní Johannesburg ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ibẹ̀ ni Woza Albert! ti jáde ní ọdún 1981. Ibẹ̀ náà ni Sarafina! ti Mbongeni Ngema ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, kó tó dé Broadway ní New York, kó sì tó di fíìmù tí Whoopi Goldberg kópa nínú rẹ̀ ní ọdún 1992. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dàgbà ní Nàìjíríà mọ fíìmù yìí, bí wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé inú ọjà èso àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Lónìí, orúkọ John Kani ni gbọ̀ngàn ńlá náà ń jẹ́. Òṣèré àgbà yìí ló ṣe ọba T'Chaka, bàbá akọni, nínú fíìmù Black Panther.

Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1994, Market Theatre di ọ̀kan lára àwọn ilé àṣà tí ìjọba tuntun ń ná owó sí. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1976 fi nǹkan kan hàn kedere: ẹni tó bá sanwó àga lè di ẹni tó ń sọ irú èèyàn tó máa jókòó sórí rẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni owó Market Theatre ti wá, tí kì í ṣe ọwọ́ aláṣẹ kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe fún wọn láti sọ pé ẹni tó bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì lè wọlé.

Kí ló máa ń ba àga tíátà jẹ́?

Àga tíátà kò dà bí àga inú ilé. Ìjókòó rẹ̀ máa ń ká sókè bí èèyàn bá dìde, kí àyè lè wà fún ẹni tó fẹ́ kọjá. Sípíríǹgì tàbí irin wúwo kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Àwọn tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́, irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ wọn. Pákó ni ẹ̀yìn wọn, àrán tàbí awọ ni wọ́n sì fi bo tìmùtìmù wọn.

Aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Tìmùtìmù ló tẹ̀lé e: bí fóòmù bá ti pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rún bí búrẹ́dì gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni bóòtù tó de àga mọ́lẹ̀ á máa tú díẹ̀díẹ̀, tí gbogbo ìlà náà á sì máa mì bí ẹnìkan bá jókòó. Bí òrùlé bá ń jò, irin á dípẹtà. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ẹ jẹ́ ká fi ikán àti eku kún un.

Ewu tó burú jù kì í tètè hàn sójú: fóòmù àtijọ́ máa ń tètè gbiná, èéfín rẹ̀ sì lè pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àtúnṣe àga fi kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà. Ẹ̀mí àwọn tó ń wòran wà nínú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni kíkà àti kíkọ sílẹ̀. Wọ́n á ya fọ́tò àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti ìlà tó wà, wọ́n á sì kọ ohun tó ń ṣe é. Àga tíátà kì í sábà bára dọ́gba, nítorí pé ilẹ̀ gbọ̀ngàn máa ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́, àwọn ìlà kan sì máa ń tẹ̀ bí ọrun. Bí wọ́n bá kó wọn pọ̀ láìkọ nọ́ńbà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ dá wọn padà ni ojú á rí màbo.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tú wọn, ìlà mélòó kan lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, tíátà á tì, owó tíkẹ́ẹ̀tì á sì dúró. Bí wọ́n bá ń ṣe é ní ìlà ìlà, eré á máa lọ, àwọn tó ń wòran á sì máa fojú ara wọn rí ibi tí owó dé.

Irin á lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tó mọ irú irin àtijọ́ yìí, torí pé ó máa ń sán bí wọn kò bá mú un pẹ̀lẹ́. Wọ́n á ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Kápẹ́ńtà á wo pákó rẹ̀. Àwọn tó ń ran aṣọ àga á fi fóòmù tuntun tí kì í tètè gbiná sí i, wọ́n á sì fi aṣọ tó nípọn bò ó. Bí àga kan bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọn kì í jù ú nù: wọ́n á yọ ẹsẹ̀ àti bóòtù rẹ̀ fi ṣàtúnṣe àwọn yòókù.

Èrè kan tún wà nínú èyí. Tíátà tó bá gbé àga tuntun wá láti òkè òkun ti kó owó rẹ̀ jáde nílùú. Èyí tó bá tún àga àtijọ́ ṣe, ọwọ́ wẹ́dà, kápẹ́ńtà àti aránṣọ tó wà ládùúgbò ni owó rẹ̀ máa bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Ká ní tíátà kan ní àga 300, tí àtúnṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦60,000. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ mílíọ̀nù 18 náírà. Bí wọ́n bá ní kí onígbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan san ₦60,000 gẹ́lẹ́, gbogbo àga 300 ló gbọ́dọ̀ rí onígbọ̀wọ́ kí iṣẹ́ tó parí. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àga tó wà lẹ́yìn pátápátá àti ní kọ̀rọ̀ kì í tètè rí ẹni mú wọn.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi owó àga kan sí ₦90,000, onígbọ̀wọ́ 200 péré ti tó láti tún gbogbo àga 300 ṣe. Bí ìyókù bá wá rí onígbọ̀wọ́, mílíọ̀nù 9 náírà á ṣẹ́ kù fún ìtọ́jú. Owó ìtọ́jú yìí ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń gbàgbé, tí àga á tún fi gbó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí kò sì ní sí ẹni tó fẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ẹnìkan ló san owó àga kan. Àwọn ará South Africa ní ohun tí wọ́n ń pè ní stokvel, èyí tó jọ àjọ àti èésú tiwa: àwọn èèyàn á máa dá owó lóṣooṣù, wọ́n á sì máa kó o fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí kí wọ́n jọ fi ṣe ohun kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Hillbrow àti Yeoville ní Johannesburg kò nílò àlàyé lórí bí stokvel ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́wàá tó bá dá ₦9,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan ti gba àga kan nínú àpẹẹrẹ wa yìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè dojú rú

Gbọ̀ngàn Royal Albert Hall wà ní London, ọdún 1871 ni wọ́n sì ṣí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, owó kò tó. Wọ́n bá ní kí àwọn tó lówó wá ra ìjókòó. Ẹni tó bá san £100 á ní ẹ̀tọ́ sí ìjókòó kan fún ọdún 999. Àwọn èèyàn rà á, gbọ̀ngàn náà sì parí.

Àdéhùn yẹn ṣì wà títí dòní. Nínú ìjókòó tó lé ní 5,000 tó wà níbẹ̀, apá kan ló wà lọ́wọ́ àwọn tó jogún ẹ̀tọ́ yìí tàbí tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àdéhùn náà kò ní tán títí di sẹ́ńtúrì kọkàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan nínú àwọn onílé-ìjókòó yìí máa ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn ní owó tó ga ju iye tí gbọ̀ngàn fi lé e lọ, èyí tó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín kí èèyàn fi orúkọ sí àga àti kí èèyàn ni àga. Orúkọ jẹ́ ọpẹ́. Níní jẹ́ ogún. Ẹni tó bá ń kánjú wá owó lè pa méjèèjì pọ̀, kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì wá máa jà lé e.

A ti rí irú rẹ̀ rí nílé

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ ìdílé wà lára bẹ́ǹṣì. Bí ẹ bá lọ sí gbọ̀ngàn ìlú tàbí òde ìnáwó, ẹ óò rí àga rọ́bà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ tó fi wọ́n ta lọ́rẹ sí lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa ló sì mọ bó ṣe ń rí nígbà tí àlejò bá jókòó jẹ́ẹ́ sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹnìkan á fọwọ́ kàn án léjìká pé ìjókòó màmá àwọn nìyẹn. Àlejò náà lè má padà wá mọ́.

Ní Èkó, ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ará ìlú dáwó kí wọ́n lè kọ́ gbọ̀ngàn kan ní ìrántí John Glover tó ti ṣàkóso ìlú náà. Gbọ̀ngàn yìí ni Glover Memorial Hall. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Ibẹ̀ náà ni Hubert Ogunde gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944. Àwọn tó dáwó gbọ̀ngàn náà kò lè mọ̀ pé wọ́n ń tẹ́ àga sílẹ̀ fún àwọn tó máa wo ìbẹ̀rẹ̀ tíátà alárìnká Yorùbá ti òde òní. Wọ́n kàn jẹ́ kí gbọ̀ngàn wà fún ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Ohun tó yẹ kí ó wà nínú àdéhùn

Bí ẹgbẹ́ tàbí ìlú kan bá fẹ́ dán ètò yìí wò, àwọn ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ kí owó tó wọlé:

Ìgbà tí orúkọ máa fi wà. Ṣé ọdún mẹ́wàá ni, àbí títí àga náà á fi gbó? Ẹ má ṣèlérí "títí láé". Kò sí àga tó ń wà títí láé.

Pé orúkọ kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára àga á ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo èèyàn, kò sì ní lé ẹnikẹ́ni dìde.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí idẹ náà bí wọ́n bá pààrọ̀ àga tàbí bí tíátà bá tì. Àwọn kan máa ń dá a padà fún ìdílé ẹni náà. Àwọn mìíràn á kó gbogbo orúkọ sórí pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà.

Orúkọ tí wọn kò ní gbà. Bí olóṣèlú bá fẹ́ ra ìlà àga mẹ́wàá ní ọdún ìdìbò ńkọ́? Bí iléeṣẹ́ kan bá fẹ́ gba gbogbo iwájú ńkọ́? Ó sàn kí òfin ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Àyè fún akàndá ẹ̀dá. Àtúnṣe ni àǹfààní láti yọ àga mélòó kan kúrò kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè rí ibi dúró pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ lè sanwó fún irú àyè bẹ́ẹ̀ náà.

Ìwé owó. Ẹ lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo èèyàn lè kà á. Bí ìlú bá ti fura sí owó àga, kò ní dáwó òrùlé.

Tiwa ni

Ní Mofolo, ní Soweto, oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Ephraim Tshabalala kọ́ ilé sinimá kan lásìkò apartheid, nígbà tí àwọn ilé sinimá tó wà láàárín Johannesburg kò gba aláwọ̀ dúdú láyè. Owó tirẹ̀ ni. Ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, kò sì sí ẹni tó máa bá a wí.

Eyethu ló pè é. Lédè Zulu, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "tiwa".